Orúkọ Olóògbé Lórí Ìkìlọ̀ Òkun

Ọ̀sán gangan ni, lábẹ́ àgbọn létí òkun Àgbádárìgì. Sewanu gbé láptọ́ọ̀pù lé itan, ó ń tún ojú ìwé kan ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń sọ fún ẹgbẹ́ apẹja bí òkun ṣe rí. Inú bíráúsà tó fi ń ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì gan-an ló ti ń kọ kóòdù rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Kò gbé nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà. Ibi yòówù tó bá ti wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é níbẹ̀. Ẹni tó bá sì fún láyè lè kọ sí i láti orí fóònù tirẹ̀.

Ìgbì ń ga. Sewanu kọ ọ́ gàdàgbà pé: Ẹ MÁ WỌ ÒKUN LÓNÌÍ. Ojú ìwé náà pọ́n. Bí kò bá sí ìkìlọ̀ níbẹ̀, ojú ìwé náà fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ́ pé òkun rọ̀.

Ó fẹ́ pa láptọ́ọ̀pù dé nígbà tí lẹ́tà tó kẹ́yìn pòórá.

Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Òmíràn tún lọ. Wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tí omi bá ń pa ipa ẹsẹ̀ rẹ́ lórí iyanrìn, títí ìlà náà fi ṣófo. Àmì kékeré kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó ni ín wà lórí rẹ̀: Sagbo.

Sagbo ni àbúrò bàbá Sewanu. Òun ló máa ń wo òkun tẹ́lẹ̀, tó sì ń kọ ìkìlọ̀. Òkun kan náà ló gbé e lọ nígbà òjò tó kọjá. Wọ́n rí òkú rẹ̀. Ìṣojú Sewanu ni wọ́n ti sin ín.

Ó tún ìkìlọ̀ náà kọ. Àmì náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, síbẹ̀ òógùn bo Sewanu. Ó pe Múyìwá, tíṣà tó kọ́ ọ níṣẹ́ kóòdù.

"Tíṣà, àbúrò bàbá mi ń pa iṣẹ́ mi rẹ́."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó kú."

"Sewanu, òkú kì í ra dátà. Ẹnì kan ló di fóònù rẹ̀ mú. Àbí o ò tíì yọ orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó lè kọ nǹkan síbẹ̀?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ yọ ọ́? A ò tíì ṣe ìrántí ọdún rẹ̀. Tí a bá fa àwọ̀n, a ṣì ń yọ ìpín ẹja tirẹ̀ sọ́tọ̀."

"Ẹja la ń pín fún òkú. A kì í fún un ní kọ́kọ́rọ́. Yọ ọ́ kíá!"

Ìpè mìíràn wọlé. Bàbá rẹ̀ ni, ariwo ìgbì kún ẹ̀yìn rẹ̀.

"Sewanu, a rí i lórí ojú ìwé pé òkun rọ̀. A ti ń ti ọkọ̀ wọ omi o!"

"Bàbá, ẹ má lọ! Bàbá!"

Ìpè ti já.

Ó ṣí ibi tí orúkọ àwọn tó láyè wà, ó yọ Sagbo. Ó wá ibi tí àtúnṣe àtẹ̀yìnwá máa ń wà, ó dá ojú ìwé náà padà sí bó ṣe wà kó tó di pé wọ́n pa á rẹ́. Ó pọ́n. Ó ń wo ìlà náà. Lẹ́tà kankan kò lọ mọ́.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé, omi ń kán lára rẹ̀. "Dèjì tó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wa ló wo fóònù, ló pariwo pé ó ti pọ́n. Ìgbì ti wọnú ọkọ̀. A já àwọ̀n sílẹ̀, a yí padà."

Wọ́n lọ bá Munirah, opó Sagbo, kí wọ́n lè mọ ẹni tó di fóònù náà mú. Fóònù ọkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwòrán rẹ̀ ni mo ń wá," ó ní. "Ibẹ̀ ni mo ti bá ìkìlọ̀ yẹn. Mo rò pé òun ló kọ ọ́. Tó bá mọ̀ pé òkun ò dáa, kí ló dé tó fi wọ̀ ọ́? Mo pa á rẹ́. Ló bá tún ń kọ ọ́ padà lójú mi. Mo ní, 'Sagbo, ó tó.'"

Ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù nínú bíráúsà, ẹ máa yẹ orúkọ àwọn tó láyè wò déédéé. Ẹni tó kàn fẹ́ kà á, àyè kíkà nìkan ni kí ẹ fún un. Ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tó papò dà, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ mọ ibi tí àtúnṣe àtẹ̀yìnwá wà kí ewu tó dé. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú ìwé tó ṣófo máa ṣèlérí àlàáfíà fún ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sí ẹni tó wo òkun lónìí, ohun tó yẹ kó kọ ni pé: a ò mọ̀.