Àdúà fún Camaro Pupa

Àwọn aládùúgbò ti yí ọkọ̀ Camaro pupa náà ká níwájú ilé Anisah ní Thamesmead, ní London, Àlùfáà sì ti gbọ́wọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹni tó bá ra ọkọ̀ láàárín wọn, àdúà ni wọ́n fi ń bá a gbà á wọlé. Anisah nìkan ni kò lè ṣe àmín.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ méjì ni bàbá rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ń wò: Camaro yìí àti Mustang kan. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe méjèèjì lọ́dún 1969. Ó fẹ́ tọ́jú èyí tó bá rà títí yóò fi fẹ̀yìn tì, kó wá tà á fún àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ, kó sì fi parí ilé tó ń kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó mọ ẹ́ńjìnnì dunjú, àmọ́ ìwé kíkà kì í yá a lára; Anisah ló máa ń bá a ka lẹ́tà káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, òun náà ló sì kó ìwé ọkọ̀ méjèèjì fún.

"Bá mi check ẹ̀ dáadáa," ló wí. "Èyí tó o bá mú la máa rà."

Camaro ló sáré jù, ó sì ń bú ramúramù. Anisah ti sọ fún Amirah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé, "Wallahi, òun la máa gbé lọ prom," ìyẹn àríyá ìparí iléèwé wọn. Àmọ́ ojú ìwé kan sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí irú rẹ̀ mìíràn tí ojú lásán kò lè dá mọ̀. Mustang ní tirẹ̀ ṣì ń lo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe mọ́ ọn, irú èyí làwọn olówó ń wá. Anisah yọ ojú ìwé yẹn, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé Camaro ló dáa jù.

"Àlùfáà," ni bàbá rẹ̀ wí, "ẹ ṣàdúà fún Anisah náà. Òun ló bá mi yan ọkọ̀ yìí. Ọmọ yìí ò lè tàn mí láé."

Ọ̀rọ̀ náà gún Anisah lọ́kàn. Ó wọlé lọ mú ìwé náà, ó kúnlẹ̀.

"Daddy, ẹ má bínú. Mo hide èyí fún yín. Mustang ló yẹ ká rà."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Kà á."

Ó kà á lójú gbogbo wọn. Àmọ́ ẹlòmíràn ti ra Mustang náà lọ.

"Mo ti gbọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. "Dìde. Mo ti dárí jì ẹ́."

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà káńsù dé. Anisah na ọwọ́ láti gbà á bó ti máa ń ṣe. Bàbá rẹ̀ kò fún un. Ó fi awò sójú, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé Anisah pé ó rọrùn fún bàbá òun láti dárí ji òun ju kó tún gba òun gbọ́ lọ.