Alùpùpù Tí Ó Wúwo Tó Àpò Sìmẹ́ńtì Mẹ́fà

Àwáwù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí wọ́n ti lò gbó yọ amọ̀ pupa kúrò lára àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Garawa omi kejì nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pọn ọ́n wá láti ẹ̀yìn mọ́sálásí, nítorí náà kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan dànù.

Ó ti tó wákàtí kan tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, síbẹ̀ ẹnu kò tíì yé yà á. Kò rí irú alùpùpù yìí rí ní Ilero. Àwọn tí ó mọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewúrẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí sanra bí akọ màlúù tí ó dùbúlẹ̀ tí ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Táǹkì epo rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Nínú sàlẹ́ńsà rẹ̀ gígùn, páìpù èéfín tí ó ń dán bí dígí, Àwáwù rí ojú ara rẹ̀, ó rí òrùlé ilé wọn, ó sì rí ìkùukùu tí ó ń kọjá lọ lójú ọ̀run. Nígbà tí ó gbìyànjú láti sún un díẹ̀ kí ó lè fọ ibi tí táyà fi lélẹ̀, kò tilẹ̀ mì.

"Ó wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà," ni Bàbá Kékeré wí láti ẹnu ọ̀nà. "Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú."

Mùstàfá ni orúkọ rẹ̀, àbúrò bàbá Àwáwù ni. Ìsẹ́yìn ni ó ti gun alùpùpù náà wá lánàá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń kọ́ àwọn obìnrin ní alùpùpù gígùn: àwọn olùkọ́ tí ìjọba rán sí abúlé, àwọn agbẹ̀bí, àwọn tí ń gun abẹ́rẹ́ fún ọmọ kéékèèké ní oko jíjìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù fún òun nìkan, ó sì ń wá ọmọbìnrin kan tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ pé láti ọdún méjì ni Àwáwù ti ń fi alùpùpù kékeré bàbá rẹ̀ kó iṣu láti oko wálé, òjò ìbáà rọ̀, iyanrìn ìbáà jìn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni ọmọ náà báyìí, ó sì ti ṣe ìdánwò àṣejáde tán. Ìdí tí Bàbá Kékeré fi wá nìyẹn. Àwáwù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un ni kò ti sùn dáadáa, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ó wù ú tó iṣẹ́ yìí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Kékeré, ṣé màá gùn ún lónìí?"

"Wàá gùn ún. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ kírun Jímọ̀ ná. Bí mo bá dé, màá fi bí ó ṣe yàtọ̀ sí tiyín hàn ọ́ kí o tó gùn ún. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyẹn lójú fèrèsé. Má fọwọ́ kàn án."

"Mo gbọ́, sà."

"Àwọn tí ó mọ alùpùpù gùn pọ̀ ní Òkè-Ògùn," ni ó wí bí ó ti ń dé fìlà rẹ̀. "Ẹni tí ó lè dúró kọ́ ẹ̀kọ́ ni mo ń wá."

Kò tíì pẹ́ tí ó lọ tí Ṣùkúrù gun ọ̀kadà rẹ̀ dé, ó gbé Waheedat sẹ́yìn. Ọmọ kíláàsì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́. Waheedat sì ni ọ̀rẹ́ Àwáwù tímọ́tímọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá oníṣu!" ni Ṣùkúrù ké. Ó pa ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà rẹ̀, ó sì rọra yí alùpùpù ńlá náà po bí ẹni ń wo ààfin. "Háà! Èyí kì í ṣe alùpùpù, ilé ni. Ṣé fífọ̀ nìkan ni wọ́n ní kí o máa fọ̀ ọ́? O se ọbẹ̀ tán, wọn ò jẹ́ kí o tọ́ ọ wò."

"Bàbá Kékeré ní kí n dúró kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi."

"Kí wọ́n kọ́ ọ ní kí ni? Ìwọ tí ò ń fi ọgọ́ta iṣu kọjá nínú iyanrìn odò? Wò ó, bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, sọ ọ́. N ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó yíjú sí Waheedat. "Ẹ̀rù ń bà á."

"Ta ni ẹ̀rù ń bà?" Waheedat bú sẹ́rìn-ín. "Àwáwù mi? Dákun, gbé mi dé ìdí igi káṣú lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn tó wà ní mọ́sálásí ò tíì gbọ́ ìwáásù tán."

Àwáwù wo kọ́kọ́rọ́ náà. Alùpùpù ni alùpùpù ń jẹ́, ni ó rò. Bí Bàbá Kékeré bá padà dé tí ó bá a tí ó ti ń gùn ún, ẹnu yóò yà á, yóò sì mọ̀ pé òun ti rí ẹni tí òun ń wá. Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé.

Kò nílò láti fi ẹsẹ̀ ta á. Ó tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Ohùn tí ó jáde kì í ṣe igbe ẹ̀rọ ọlọ tí alùpùpù bàbá rẹ̀ máa ń ké. Ó lọ sílẹ̀, ó nípọn, bí àrá tí ó ń kù lápá Ṣakí kí òjò tó dé Ilero. Àwọn adìyẹ túká. Àwáwù gbọ́ ohùn náà nínú eyín rẹ̀, ó gbọ́ ọ nínú egungun àyà rẹ̀.

Waheedat gùn ún lẹ́yìn. Wọ́n gbéra.

Lára àwọn alùpùpù kéékèèké tí wọ́n ń gùn ní Ilero, ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń tẹ jíà mọ́lẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan fún ìkíní, ẹ̀ẹ̀kan sí i fún ìkejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹrin. Àwáwù tẹ ìkíní, ó wọlé. Ó tẹ ìkejì, kò wọlé. Ó tún tẹ̀ ẹ́, òfo. Ó wá ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ abẹ́ irin náà, ó gbé e sókè, jíà sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Òkè ni tirẹ̀ ń lọ," ni ó wí nínú ara rẹ̀. "Mo ti mọ̀ ọ́n. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi?"

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà yí padà di nǹkan mìíràn. Àwọn kòtò tí ó máa ń mi ẹ̀yìn rẹ̀ jìgìjìgì kọjá lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ti dí wọn. Àwọn oko àgbàdo, àwọn ebè iṣu, koríko gíga tí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn, gbogbo wọn ń sá lọ sẹ́yìn láìpariwo. Ó dà bí ẹni pé orí òkè ni ó jókòó sí, tí òkè náà sì gbéra, tí ó ń rìn. Waheedat kígbe ayọ̀. Àgbẹ̀ kan tí ó ń bọ̀ láti oko dúró, ó gbé ẹrù sílẹ̀ láti wò wọ́n. Àwáwù kò tíì mọ̀ rí láyé rẹ̀ pé ohun tí ó tóbi tó báyìí lè gbọ́ràn sí òun lẹ́nu.

Níbi tí ọ̀nà ti fẹ́ yà sí ọwọ́ òsì, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ sí, ó fẹ́ bọ́ láti jíà kẹta sí ìkẹrin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bi orí léèrè. Ó ṣe ohun tí ó ti ń ṣe láti ọdún méjì: ó tẹ jíà mọ́lẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Alùpùpù náà já sí jíà kejì, táyà ẹ̀yìn gan lójijì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ lórí òkúta. Eré rẹ̀ ń dínkù, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́ sí apá ọ̀tún. Àwáwù tún ṣe bí ó ti máa ń ṣe bí iṣu bá fẹ́ dà nù nínú iyanrìn: ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti fi gbé e dúró. Alùpùpù bàbá rẹ̀ a máa gbọ́ tirẹ̀. Èyí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ kankan wà níbẹ̀. Ó wó lulẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí igi ńlá.

Waheedat tún kígbe. Kì í ṣe ti ayọ̀ mọ́.

Sàlẹ́ńsà ti jó o ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. Awọ ibẹ̀ ti bó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ìgbọ̀nwọ́ Àwáwù ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùkúrù, tí ó ń tẹ̀ lé wọn, dé bá wọn. Kò rí yẹ̀yẹ́ kankan ṣe. Ó gbé Waheedat sórí ọ̀kadà rẹ̀ láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

"Àwáwù, jọ̀ọ́, má sọ pé èmi ni mo ní kí o gùn ún."

"Ìwọ kọ́ lo mú kọ́kọ́rọ́," ni Àwáwù dáhùn. "Tètè máa lọ."

Nígbà tí Bàbá Kékeré fi ẹsẹ̀ rìn tọ ipa táyà dé ibẹ̀, ó bá a tí ó di ọwọ́ alùpùpù náà mú, tí ó ń fà á, tí iṣan ọrùn rẹ̀ le. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà kò mira.

"Ta ló farapa?"

"Waheedat ni, sà. Sàlẹ́ńsà jó o lẹ́sẹ̀. Ṣùkúrù ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìgbọ̀nwọ́ mi nìkan ni tèmi."

"Sọ ohun tí o ṣe fún mi."

Ó sọ ọ́ láìfi ọ̀kan pamọ́: kọ́kọ́rọ́, jíà, ẹsẹ̀. Bàbá Kékeré mi orí.

"Gbogbo ẹni tí ó ti orí tiyín bọ́ sí orí èyí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Orí a ti mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ kò ní tíì mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ lẹ́yìn ìrun nìyẹn. Èmi náà ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nígbà tèmi. Ṣùgbọ́n inú pápá ni mo ti ṣubú, n ò sì gbé ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn."

"Ẹ dárí jì mí, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e."

"Rárá. Ìwọ lo gbé e ṣubú, ìwọ ni yóò gbé e dìde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí o ti ń fà á yẹn. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Pa iná rẹ̀. Na irin ìdúró rẹ̀ síta, kí ó má baà wó sí òdì kejì. Yí ọwọ́ rẹ̀ sí ìhà ilẹ̀. Ó dára. Kẹ̀yìn sí i. Lóṣòó, kí ìdí rẹ kan àga rẹ̀. Di ọwọ́ mú, di irin abẹ́ àga mú. Má fi apá fà á. Itan ni kí o lò. Máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀."

Àwáwù ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò kọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí òkúta ń dún lábẹ́ irin. Ìwọ̀n ńlá náà gbéra ní ẹ̀yìn rẹ̀, tìkọ̀tìkọ̀, bí màlúù tí kò fẹ́ jí. Ìṣísẹ̀ kan. Òmíràn. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Lójijì ó fúyẹ́, ó dìde dúró, ó sì fara ti irin ìdúró rẹ̀. Àwáwù yíjú padà wò ó. Òun nìkan ni ó gbé e.

Bàbá Kékeré yẹ irin búréèkì ọwọ́ tí ó ti tẹ̀ wò.

"Bàbá Kékeré, ṣé ẹ ṣì máa mú mi lọ sí Ìsẹ́yìn?"

"Rárá, kì í ṣe lọ́dún yìí. Ọmọ kan wà ní Tẹ̀dé tí ó ń jẹ́ Ọpẹ́olúwa. Màá lọ wò ó lọ́la. O mọ alùpùpù gùn jù ú lọ, ó dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá fún ní kọ́kọ́rọ́, ẹ̀mí àwọn ìyá ọlọ́mọ ni mo fún un." Ó gbọn iyanrìn kúrò lára àga. "Bàbá rẹ ni yóò lọ sọ fún ìyá Waheedat, àbí?"

"Rárá, sà. Èmi ni."

Bàbá Kékeré tún fìlà rẹ̀ dé. "Bí ẹ̀mí bá wà, ọdún ń yí po," ni ó wí. "Wá bá mi nígbà náà, kí n tún wò ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà ká Àwáwù lára, ṣùgbọ́n kò jiyàn. Ó ti rí i pé mímọ ohun kékeré kì í ṣe mímọ ohun ńlá, àti pé ìṣẹ́jú díẹ̀ tí òun kò lè fi sùúrù dúró ti gba ọdún kan lọ́wọ́ òun, ó sì ti gba awọ lára ọ̀rẹ́ òun. Ẹni tí ó bá kánjú fò ẹ̀kọ́ kọjá, ẹ̀kọ́ náà yóò dúró dè é lójú ọ̀nà, yóò sì le ju bí ì bá ti rí lọ.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́kọ́rọ́ náà sí Bàbá Kékeré, ó kúnlẹ̀ kí i, ó dìde, ó sì kọrí sí ilé ìyá Waheedat.