Píràgì Aláìlẹ́ran

Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú láti fìlà dé bàtà, àmọ́ ẹyinjú rẹ̀ búlúù bí odò Venta láàárọ̀. Vizma, tí ìyẹ̀fun ti bò lọ́wọ́ dé ìgúnpá, gbàgbé ohun tó ń ṣe.

"Ẹ káàárọ̀ o. Wọ́n ní ihò èéfín yín ti dí."

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin olóríire. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́tìnnì yín ná, kí oríire agbáhò-èéfín lè ràn mí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìlú Kuldīga ló ti fọwọ́ kàn án láàárọ̀ yìí. Díẹ̀ ló kù kó já."

Ilgvars lorúkọ rẹ̀, kò tíì pẹ́ tó dé ìlú náà. Bó ṣe ń gbá ihò èéfín, bẹ́ẹ̀ ni Vizma ń yọjú wò ó. Irú ojú wo ló wà lábẹ́ gbogbo dúdú yẹn? Kó má bàa máa wo ọkùnrin ọlọ́kùnrin, ó yára dojú kọ píràgì rẹ̀: ó bu ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ àti àlùbọ́sà sínú ìyẹ̀fun, ó pa á dé, ó tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ bí oṣù tuntun, ó fi ẹyin ra á lójú. Nígbà tí ààrò gbaná dáadáa, tí píràgì jinná, ó di díẹ̀ fún ọkùnrin náà pé kó mú lọ.

Nírọ̀lẹ́, Vizma ń ti ilé ìkàwé tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ nígbà tó rí ọkùnrin kan lórí afárá tó ń fún ajá ní oúnjẹ. Vizma mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó sì mọ ẹyinjú yẹn.

"Ajá náà ń gbádùn o," ló wí.

Ojú ọkùnrin náà pọ́n fún ìtìjú. Ojú tó dáa ni, àmì wẹ́wẹ́ bí èérí ọkà wà lórí imú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́."

"Àbí májèlé ni mo fi sí i?"

"Rárá o! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sin ẹlẹ́dẹ̀ kan, ó máa ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Nígbà tí Kérésìmesì dé…" Ó fọwọ́ pa ajá náà lórí. "Mi ò fẹnu kan ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn."

"Kí ló dé tí ẹ fi gbà á?"

"Ẹni tó fún mi ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀."

Ìbínú Vizma tú ká bí ìrì. Ó padà sílé, ó ń ronú ohun mìíràn tó lè wọnú ìyẹ̀fun.

Ó gbìyànjú kárọ́ọ̀tì, ó gbìyànjú olú, ó wá fi kábéèjì ṣe é. Ìdí igi ápù tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé ni Ilgvars ti ń tọ́ wọn wò.

"Ti olú yìí dùn," ló ń sọ, "àmọ́ ẹni tó ṣe é dùn jù ú lọ."

"Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún, onídúdú!"

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, wọn ò lè lo ọjọ́ kan mọ́ láìfojú kan ara wọn. Vizma bá mú un lọ han bàbá rẹ̀ nílé.

Gunvaldis, bàbá Vizma, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, gbé àwo píràgì ẹlẹ́ran síwájú àlejò. Ilgvars dúpẹ́, ó ní òun ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀.

"Bí ìyá Vizma ṣe ń ṣe é nìyí kó tó kú," ni bàbá wí. "Ẹni tí kò bá lè jẹ ẹ́ kò lè fẹ́ ọmọ mi." Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

"Màá jẹ ẹ́," ni Ilgvars sọ lẹ́nu géètì. "Màá di imú mi."

"O ò ní jẹ ẹ́! Tí o bá gbé eléyìí mì nítorí mi, títí ayé ni wàá máa gbé nǹkan mì."

Vizma padà wọlé lọ bá bàbá rẹ̀, ó ròyìn ẹlẹ́dẹ̀ náà fún un.

"Inú píràgì yẹn ni mo ti ń rí ìyá rẹ," ni bàbá dáhùn. "Bí o bá yọ ẹran inú rẹ̀, kí ló kù fún mi?"

"Èmi ni mo kù, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ewé igi fi ń rẹ̀ dànù. Ní Sátidé kan, Vizma ti ọjà dé, ó gbóòórùn kábéèjì. Bàbá rẹ̀ dúró nídìí ààrò, épúróònù ìyá Vizma ló so mọ́dìí, ìyẹ̀fun wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Gbogbo píràgì náà ló ti bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Má fi mí rẹ́rìn-ín."

"Mi ò rẹ́rìn-ín, Bàbá." Omijé ló ń nù.

"Lọ pè é wá kó tó tutù."

Ilgvars dé, ó bù ú jẹ. Bàbá tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù, Bàbá."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó lu tábìlì. "Olóòótọ́ ni! Vizma, ọkọ rẹ rèé, àfi tí o ò bá fẹ́."

Ilgvars di ọwọ́ Vizma mú. "Ṣé o fẹ́?"

"Mo fẹ́. Jẹ ìyókù, kí o má dójú ti bàbá mi."

Wọ́n ṣègbéyàwó nígbà tí igi ápù yọ òdòdó. Ní gbogbo ọjọ́ náà, bàbá dúró ti àwo píràgì kábéèjì, ẹnikẹ́ni tó bá nawọ́ sí ti ẹran, á fa ọwọ́ rẹ̀ padà: "Ẹ kọ́kọ́ tọ́ eléyìí wò. Èmi ni mo ṣe é."