Síìpù Tó Dé Àgbọ̀n

Lówùúrọ̀ Sátidé, bí ẹ bá ń wá àwọn ọkùnrin èbúté wa, ẹ má wulẹ̀ yà sílé wọn. Ìsọ̀ Delphin ni wọ́n wà. Delphin ló ń ra edé ńlá lọ́wọ́ àwọn apẹja, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpótí edé sì wà láàrin ìsọ̀ rẹ̀ gbalaja. Ní gbogbo oṣù tí ìjọba bá ti ìpẹja, tí kò sí edé láti wọ̀n, Evariste Bourque ni wọ́n ń wọ̀n lórí rẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá, Evariste tún gun òṣùwọ̀n náà tòun ti bàtà rọ́bà. Àwọn mẹ́fà dúró yí i ká, ife kọfí lọ́wọ́ wọn.

"Òjìlúgba pọ́ùn!" Delphin ké. "Òjìlúgba lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjìlúgba lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ẹ̀. Evariste, ṣé o ti gbé nọ́ńbà yìí níyàwó ni?"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Evariste náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn rẹ̀.

"Òṣùwọ̀n ẹ ti bàjẹ́," ó ní.

"Ó bàjẹ́ kẹ̀? Àná ni mo fi wọn ìdẹ. Kò purọ́ fún mi."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà fún Evariste. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń bá wọn jáde ní Ọjọ́ Ìgèrè, ìyẹn ọjọ́ tí gbogbo ọkọ̀ èbúté máa ń kó ìgèrè lọ sókun lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí oṣù kọkànlá. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta báyìí, kò sì tí ì pa ọjọ́ náà jẹ rí. Ọdún yìí ni wọ́n fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ fi í sílẹ̀ ni ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Nadine lorúkọ ọmọ náà. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ fa ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Nílé, bàbá ni bàbá ń jẹ́. Lórí omi, Nadine ni ọ̀gá, kò sì gba gbẹ̀rẹ́.

Lóṣù karùn-ún tó kọjá, Nadine to gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sórí èbúté, ó mú aago lọ́wọ́, ó ní kí kálukú wọ aṣọ ìdóòlà kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òkun wa mọ aṣọ yẹn: aṣọ pupa nínípọn tó bo èèyàn látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí kì í jẹ́ kí omi tútù pani bí ọkọ̀ bá dànù. Síìpù gbogbo wọn gòkè dé àgbọ̀n. Ti Evariste dé ikùn, ó dúró. Wọ́n fà á, wọ́n tì í, kò kúrò lójú kan.

Wọ́n gbé èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ wá fún un. Evariste sì rèé, èèyàn kúkurú ni. Fìlà aṣọ náà já bọ̀ bò ó lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kò sábẹ́ rẹ̀, kò lè gbé ìṣísẹ̀ méjì.

"Bàámi, ẹ gbọ́ mi dáadáa," Nadine wí. "Aṣọ tí ò bá ṣé pa, omi ló máa kún inú ẹ̀. Bí síìpù yìí ò bá dé àgbọ̀n yín kó tó di Ọjọ́ Ìgèrè, ilẹ̀ lẹ máa wà."

"Èmi? Èmi tí mo ti ń ju ìgèrè kí wọ́n tó bí ẹ?"

"Ẹ̀yin náà ni. Bàbá kan ṣoṣo ni mo ní, mi ò ní òmíràn nípamọ́."

 Evariste lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ikùn rẹ̀. Ó yé mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó yé da oyin ìrèké sórí búrẹ́dì láàárọ̀. Pòtétò rírin tí wọ́n fi adìyẹ há láàrin, tó jẹ́ pé abọ́ mẹ́ta ló máa ń jẹ, ó dín in sí ẹyọ kan, ó sì ń wo ìyókù bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó ń lọ. Ó ń rin ìrìn wákàtí kan létí òkun lójoojúmọ́. Ìgèrè tí ẹ̀rọ máa ń gbé tẹ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e.

Ìwọ̀n rẹ̀ kúrò ní òjìlúgba ó lé méjìlá, ó bọ́ sí òjìlúgba nínú oṣù kẹjọ. Ló bá dúró síbẹ̀. Aṣọ ìdóòlà tí ì bá fi dán ara rẹ̀ wò ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò nígboro, ó di ọ̀sẹ̀ ìpẹja kí wọ́n tó dá a padà. Òṣùwọ̀n Delphin nìkan ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ.

Nígbà tí àwọn yòókù tú ká, Delphin fà á sẹ́yìn àpótí. Ó yọ ìgò kékeré kan lápò.

"Gbà. Orí fóònù ni àbúrò ìyàwó mi ti rà á. Ọjọ́ mẹ́wàá péré, pọ́ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á bọ́ lára ẹ."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ewé ni wọ́n ní. Ewé lásán."

Evariste yí ìgò náà síwá sẹ́yìn. Kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é, kò sí ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Síbẹ̀, ó tì í bọ àpò. Ẹni tí omi ń gbé lọ, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tí kò ní dì mú.

Oore tó ṣe é ni pé ọjọ́ kejì ni wọ́n ń gbabẹ́rẹ́ àrùn òtútù ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná. Nọ́ọ̀sì Corinne Muise ló jókòó síbẹ̀. Obìnrin yìí máa ń fi ẹ̀rín bi èèyàn ní ìbéèrè tó le.

"Bọ̀dá Evariste, oògùn wo lẹ̀ ń lò lọ́wọ́?"

"Mi ò tí ì bẹ̀rẹ̀," ó ní. Ló bá yọ ìgò náà.

Nọ́ọ̀sì Corinne gbà á, ó wò ó, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ta ló ṣe é?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ò lè ra okùn lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ò mọ̀, ṣé oògùn lẹ máa wá gbé mì bẹ́ẹ̀? Nínú irú nǹkan báyìí, wọ́n máa ń bá ohun tó ń mú àyà já, ohun tó ń fa omi jáde lára títí ẹsẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Ẹ fẹ́ dákú sórí ọkọ̀ ni? A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ tó gbóná. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo máa gbé e fún apòògùn kó bá wa run ún."

Evariste wolẹ̀. "Òṣùwọ̀n ò kúrò lójú kan, nọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá! Gbogbo ìyà tí mo ń jẹ, lásán ni."

"Òṣùwọ̀n wo?"

"Ti Delphin."

"Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ jẹun àárọ̀, ẹ wá gun òṣùwọ̀n edé lójú èrò?" Ó rọra lu tábìlì. "Bọ̀dá mi, ṣé edé ni yín ni?"

Evariste ò mọ̀gbà tó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ n bi yín," ni nọ́ọ̀sì wí. "Okùn tẹ́ ẹ ká dáadáa àti okùn tó ta kókó, bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, èwo ló máa gba àyè jù nínú ọkọ̀?"

"Èyí tó ta kókó. Ìyẹn á kún gbogbo ilẹ̀."

"Ó ti yé yín nìyẹn. Ọ̀rá gba àyè ju iṣan lọ. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń gbé ìgèrè, iṣan ń wọlé, ọ̀rá ń jáde. Òṣùwọ̀n ò mọ ìyàtọ̀ wọn. Iyọ̀ tẹ́ ẹ jẹ lánàá àti omi tẹ́ ẹ mu láàárọ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń kà mọ́ yín lára. Ọ̀rá inú ikùn gan-an ló ń fa ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ọkàn. Báwo ni aṣọ yín?"

"Bákan náà. Ṣòkòtò rọ́bà tó ń fi okùn kọ́ èjìká ni mò ń wọ̀."

"Ìyẹn á gba ẹ̀yin, á tún gba èmi náà mọ́ yín! Kò lè sọ nǹkan kan fún yín. Ṣé ẹ ò ní aṣọ tí kì í fà, tó ti há yín rí?"

Evariste ronú. Ṣòkòtò dúdú kan wà nílé. Níbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóṣù kẹrin ló ti wọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn. Bọ́tìnì kò pa dé, pínnì ló fi dì í mú.

Kò dúró gba bisikíìtì tí wọ́n ń pín. Ó délé, ó fa ṣòkòtò náà jáde, ó wọ̀ ọ́. Bọ́tìnì wọ ihò rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ṣòkòtò náà rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí. Háà! Ọkùnrin yìí pariwo débi pé ajá aládùúgbò gbó. Ayọ̀ gbà á lọ́kàn pátápátá, kò fi bò. Ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó sá lọ bá Nadine lórí èbúté.

"Wò ó! Wò ó! Àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì wọ inú ẹ̀!"

Nadine rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ojú.

"Inú mi dùn, Bàámi. Ṣùgbọ́n òkun ò mọ ṣòkòtò ìsìnkú. Síìpù ni mo fẹ́ rí."

Ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀lé e, Evariste ò gun òṣùwọ̀n ẹnikẹ́ni. Ó ń rìn, ó ń gbé ìgèrè, ó ń jẹ abọ́ rẹ̀ kan.

Ìgbà tí Sátidé tí wọ́n máa dán aṣọ wò pé, gbogbo èbúté ló jáde. Delphin ò jẹ́ kó sinmi, ó fà á gun òṣùwọ̀n kó tó débẹ̀.

"Òjìlúgba dín ẹyọ kan!" ó ké. "Pọ́ùn kan! Evariste, jókòó ti sítóòfù jẹ́jẹ́ lọ́dún yìí."

"Pa ẹnu ẹ mọ́, kí o máa wò," Evariste fèsì.

Nadine gbé aago sókè. "Ó yá!"

Evariste ti ẹsẹ̀ bọ aṣọ ìdóòlà tó kọ́kọ́ há a, ó ti apá bọ ọ́, ó fa fìlà borí, ó gbá okùn síìpù mú. Síìpù gòkè dé ikùn, ojú ibi tó dúró sí lóṣù karùn-ún gan-an.  Ó mí jáde, ó fà. Síìpù kọjá ikùn! Ó kọjá àyà! Ó dé ọrùn, ó dé àgbọ̀n, ó dúró síbẹ̀ gbọnin.

"Ìṣẹ́jú àáyá méjìdínláàádọ́ta!" Nadine ké, ló bá ju aago sápò, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀ tòun ti aṣọ pupa. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń hó. Inú aṣọ náà ni Evariste ti ń sunkún, kò sì tì í lójú.

"Ọ̀gá," ó ní, "ṣé mo lè wọkọ̀?"

"Ẹ wọlé, Bàámi. Àyè yín ń dúró dè yín."

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń gbìyànjú láti dín ọ̀rá kù, ẹ má fi òṣùwọ̀n nìkan ṣe onídàájọ́. Ẹ wá aṣọ kan tí kì í fà, ṣòkòtò, síkẹ́ẹ̀tì tàbí ìgbánú, kí ẹ máa wọ̀ ọ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Ibi tí bọ́tìnì dé ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ ní sùúrù, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Oògùn tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, ẹ má fi kan ẹnu, kódà bó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ló fún yín. Ẹni tí dókítà bá ní kó máa wọn ara rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, kó má ṣe jáwọ́. Bí aṣọ bá sì ń tú lára ẹni tí kò gbìyànjú ohunkóhun, kó tètè lọ ṣàyẹ̀wò.

Ní ti Delphin, ní Sátidé tó tẹ̀lé Ọjọ́ Ìgèrè, ó ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn tó yọjú lójú fèrèsé ní kò sí lórí òṣùwọ̀n. Ṣòkòtò ìgbéyàwó rẹ̀ ló ń bá jìjàkadì.