Ogójì Gíósà Tí Màmá Dì Kẹ́yìn

Minori dúró níwájú fìríìsà, ó di àpò ọ̀rá kan mú, òtútù sì ń mú un lọ́wọ́. Ogójì gíósà ló wà nínú rẹ̀, ẹran lílọ̀ àti kábéèjì tí màmá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ dì sínú awọ ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó sì ṣẹ́ etí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́po méje. Báírò dúdú ni màmá fi kọ ọ́ sára ọ̀rá náà pé: "Ogójì. Ẹ má jẹ́ kó yọ́ kí ẹ tó sè é." Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó kọ ọ́ ló wọ ilé ìwòsàn, kò sì padà wálé mọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún kan tí màmá kú. Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpò yìí. Ó ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé ọjọ́ ìrántí ni àwọn máa sè é, àwọn máa gbé méjì síwájú àwòrán màmá lórí pẹpẹ ìrántí inú ilé, èyí tó dà bí kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn méjì, àwọn á sì jẹ ìyókù. "Oúnjẹ tí màmá ẹ máa fún wa jẹ kẹ́yìn nìyẹn," ni Bàbá máa ń wí. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé Minori kò mọ̀. Ó mọ̀ dáadáa, ohun tó sì jẹ́ kó dunni nìyẹn.

Ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Nínú kíláàsì tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama tuntun ní Utsunomiya, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé kò ní ìyá. Kò fẹ́ kí wọ́n máa fojú àánú wo òun. Ìlú gíósà sì ni Utsunomiya, kò sí ọmọ ibẹ̀ tí kì í fi gíósà ilé wọn yangàn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ Minori lọ́jọ́ kan, ó ní kò sí ilé oúnjẹ náà tó lè dì í tó màmá òun. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé màmá ṣì wà ní ìdáná lọ́wọ́ tó ń fọ ọ̀bẹ.

Rumika gbọ́ ọ. Rumika yìí ni gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, Sátidé, ilé Minori làwọn máa pàdé, àwọn á se gíósà olómi ata nínú ìkòkò orí tábìlì, àwọn á wo ẹni tí ata máa kọ́kọ́ lé dìde. "Ṣùgbọ́n ti màmá ẹ la fẹ́ jẹ o. Ti ilé ìtajà, ta ni ò jẹ ẹ́ rí?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá gba Minori sílẹ̀: "Màmá mi ti kú." Dípò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n máa bọ̀.

Bó ṣe di Sátidé, tí Bàbá ti lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí, ó tan ara rẹ̀ jẹ pé ogún péré lòun máa mú, Bàbá kò sì ní kà á. Ó gé kábéèjì àti olú, ó gún ááyù mọ́ atalẹ̀, ó gbé ìkòkò omi ka sítóòfù kékeré orí tábìlì, ó da ata gígún sí i títí omi náà fi pọ́n bí epo. Pẹpẹ màmá ló wá kù. Àwòrán màmá wà níbẹ̀, ife omi tí Bàbá ń pààrọ̀ láràárọ̀ wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, àṣírí tú nìyẹn. Minori pa iná kékeré ibẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn pẹpẹ náà méjèèjì dé mọ́ màmá rẹ̀ lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Wákàtí méjì péré ni."

Ó da gíósà náà sórí àwo pẹrẹsẹ kó lè ṣa ogún. Wọ́n ti dì mọ́ra. Rumika sì ti kọ ọ́ sórí fóònù pé àwọn ti dé ìtòsí, ni Minori bá ní kó rọ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ìtòsí tí wọ́n wí di odidi wákàtí kan, nítorí wọ́n yà sọ́jà. Kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn, gíósà ti yọ́ tán. Awọ rẹ̀ ti rin, ọ̀kan ń fa ẹ̀yìn èkejì ya. Kò sí èyí tó ṣeé dá padà sí fìríìsà mọ́. Minori kò rí ohun mìíràn ṣe, ó da ogójì náà sínú ìkòkò.

Rumika àti Tomoe, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jókòó ti tábìlì. Wọ́n béèrè màmá, Minori ní ó lọ sọ́jà. Rumika tún bu ata kún un. Nígbà tí ìkòkò hó, awọ gíósà tú, ẹran inú rẹ̀ dà sómi, gbogbo rẹ̀ sì pò pọ̀. Rumika fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun rò ó títí, ó gbé awọ kan sókè, ó wò ó.

"Ṣé èyí tí màmá ẹ dì náà nìyí? Àbí àsáró lo pè wá wá jẹ?"

Tomoe rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ebi ṣì ń pa àwọn, wọ́n sì lọ wá ibòmíràn jẹun. Minori nìkan ló kù nídìí ìkòkò. Ó bù ú sẹ́nu, ó ń wá ọwọ́ màmá rẹ̀ nínú rẹ̀. Ata nìkan ló bá pàdé.

Kò tíì palẹ̀ mọ́ tí Bàbá fi wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Pẹpẹ ló kọ́kọ́ wò, bó ṣe máa ń ṣe.

"Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ màmá ẹ?"

Bàbá ṣí ilẹ̀kùn náà, ó tan iná rẹ̀, ó yíjú pa dà, ó sì rí àpò ọ̀rá tó ṣófo lórí tábìlì. Kò pariwo. Ì bá sàn fún Minori ká ní ó lù ú. Ó jókòó pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ń fi igi ìjẹun wá inú ìkòkò, ó ń wá ọ̀kan péré tó dá ṣáṣá. Kò rí. Ègé awọ kan tí ìṣẹ́po mẹ́ta ṣì wà létí rẹ̀ ló yọ. Ó fi omi fọ ata ara rẹ̀ kúrò jẹ́jẹ́, ó gbé e sórí àwo kékeré, ó sì gbé e síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Minori, ṣé o mọ bí màmá ẹ ṣe ń ṣẹ́ etí rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ ìrántí, wọ́n ra gíósà ilé ìtajà, wọ́n sì jẹ ẹ́ láì wo ojú ara wọn. Ní ọjọ́ Ajé, àwòrán ìkòkò náà ti kárí kíláàsì, "àsáró" sì ti di orúkọ Minori. Ẹ̀yẹ tó tìtorí rẹ̀ ṣe é, kò rí i gbà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ fetí sílẹ̀. Ojú ayé tí ẹ ń ṣe fún ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kò ní í bá yín san gbèsè rẹ̀. Òtítọ́ tó korò lẹ́ẹ̀kan sàn ju irọ́ tó ń jẹ ilé ẹni run lọ, omi tó bá sì ti dà sílẹ̀ kò ṣeé kó mọ́. Minori ń gbìyànjú báyìí. Gbogbo Sátidé ló ń ra awọ ìyẹ̀fun, tó ń ṣẹ́ etí rẹ̀, kò tíì sí èyí tó jọ ti màmá. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí màmá wà láàyè, kò sí Sátidé tí kì í pè é sí ìdáná pé, "Wá jókòó, jẹ́ kí n fi hàn ọ́." Ohun tí Minori sì máa ń dá a lóhùn láti orí fóònù rẹ̀ ni pé, "Màmá, ó dọ̀la."