A Kì í Dojú Ife Dé fún Àna

Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ rí. Odidi ilẹ̀kùn ń bọ̀ lójú títì lórí ẹsẹ̀ méjì, àfi bí ẹni pé ilé rẹ̀ sá lọ tó ń wá a kiri. Nígbà tó balẹ̀, káfíńtà kan yọ lẹ́yìn rẹ̀, èérún pákó nínú irun, eyín funfun báláú.

"Ilẹ̀kùn tí bàbá yín ní kí n kàn rèé," ó wí fún ọmọbìnrin tó ń tatí. "Ilẹ̀kùn kì í mutí. Èmi máa ń mu."

Bàbá ọmọbìnrin náà ló ni ṣọ́ọ̀bù, ọmọbìnrin yìí ló ń tà níbẹ̀, ó sì ní àṣà kan. Bí ahọ́n oníbàárà bá ti ń wúwo, á rọra dojú ife rẹ̀ dé, á gbé omi tútù síwájú rẹ̀. Àwọn kan bú u, àwọn kan sunkún, ọ̀kan tiẹ̀ ní kó fẹ́ òun. Gbogbo wọn ló fẹsẹ̀ ara wọn délé. Àdúgbò bá sọ ọ́ ní Ó-Tó.

Lọ́jọ́ náà, ó dojú ife káfíńtà dé.

"Ṣé èmi ni mo ra ọtí ni, àbí ọtí ló rà mí?"

"Díẹ̀díẹ̀ ló ń rani. Ẹ mu omi yín."

Ó mu ún bí ẹni mu oyin. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó ní ilẹ̀kùn ń dún. Ilẹ̀kùn ò dún. Nígbà tó tún wá, ó ń dún lóòótọ́, torí òun fúnra rẹ̀ ló ti yọ ìṣó kan lára rẹ̀.

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í kan bẹ́ẹ̀dì tí àwọn méjèèjì máa sùn lé. Ó bi í bóyá ìfẹ́ òun náà ò ní tó o lọ́jọ́ kan. "Ìyẹn nìkan ni mi ò ní dojú rẹ̀ dé láé," Ó-Tó fèsì.

Ìyá káfíńtà ò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ orúkọ ọlọ́tí sétí, torí ọtí ló pa ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí àwọn ife tó dojú dé, ó sì gbà.

Ọjọ́ tí ẹbí méjèèjì pàdé ni ayọ̀ gun káfíńtà lórí. Ó ń mu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó-Tó nawọ́ sí ife rẹ̀, bàbá rẹ̀ di ọwọ́ náà mú, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí: "A kì í dojú ife dé fún àna. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pè wá ní ahun ni?"

Ó wo ojú olólùfẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan kì í ṣe gbogbo ọjọ́, ó rò ó nínú ara rẹ̀. Ó da ọtí kún un. Ó tún dà á kún un.

Káfíńtà dìde, ó ní òun ń lọ gé ẹsẹ̀ tó kù lára bẹ́ẹ̀dì kí ìyàwó má baà dúró pẹ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì kó àga nílẹ̀ nígbà tí igbe ta láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ nítòsí. Ẹ̀rọ ayùn ti gba ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ìyá káfíńtà ò pariwo. "Gbogbo ẹni tí kì í ṣe ọkọ rẹ lo dojú ife dé fún," ó wí fún Ó-Tó, ó sì wọlé lọ.

Láti ìgbà náà, Ó-Tó ń tà, ó ń dojú ife dé, ṣùgbọ́n ó ń rò ó láti fi ọtí títà sílẹ̀. Káfíńtà ránṣẹ́ pé kó má wá. Kí ló fẹ́ fi káfíńtà tí kò lè di òòlù mú ṣe?

Lọ́sàn-án kan, ilẹ̀kùn dún. Òun ló wọlé, ó ti rù hangogo. Ó-Tó gbé ife síwájú rẹ̀, kò lè da nǹkan kan sí i. Káfíńtà fọwọ́ òsì dojú rẹ̀ dé.

"Èmi ni mo gbé e sẹ́nu. Máa tà á lọ. Bí o bá fi í sílẹ̀, ẹni tí kò mọ ibi tó tó ló máa gbà á."

"Ìyá yín ńkọ́?"

"Wọn ò gbà. Wọ́n lè má gbà láé."

Ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, síbi bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ti ẹsẹ̀ kẹrin sí i, ó fi ọwọ́ òsì di ìṣó mú, ó ní kó gbé òòlù.

"Mi ò lè ṣe é. Ọwọ́ tó ṣẹ́ kù fún yín nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹlòmíì lù ú."

Omijé bo Ó-Tó lójú. Káfíńtà ò fa ọwọ́ sẹ́yìn. Òòlù balẹ̀. Ìṣó wọlé díẹ̀, ó wọ́.

"Tún un lù," ọkọ rẹ̀ wí.