Ẹsẹ̀ Inú Ìyẹ̀fun

"Àbúrò, wò ó dáadáa o," ni oníròyìn rédíò tó wá wádìí ọ̀rọ̀ iwin wí fún Jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń wọ́n ìyẹ̀fun sílẹ̀ yàrá wàrà. "Bó bá jẹ́ èèyàn ló ń wọlé, a máa rí ẹsẹ̀ ẹ̀. Bí a ò bá rí ẹsẹ̀, iwin ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Jẹ́jẹ́ tó lọ sílé ẹ̀kọ́, ó rí ẹsẹ̀ náà. Ti ọ̀tún tẹlẹ̀ dáadáa, ti òsì ń wọ́ tẹ̀lé e. Ta ni yóò tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi? Ẹsẹ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ni, Màmá Àgbà, tí wọ́n jọ ń sùn lórí ibùsùn kan.

Ilé oko àtijọ́ tí wọ́n ti máa ń fún wàrà màlúù ni ilé tí yàrá náà wà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn èèyàn a sì máa wá wò ó. Bàbá Jẹ́jẹ́ ló ń ṣọ́ géètì, inú ọgbà náà ni wọ́n sì ń gbé. Jẹ́jẹ́ ló ń gbá àwọn yàrá. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí wọ́n ti ń gbọ́ ìró agolo nínú yàrá wàrà lówùúrọ̀. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọn ò ní í bá ẹnì kankan, àmọ́ gbogbo agolo á ti dojú délẹ̀, aṣọ tútù á wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ti ta igun rẹ̀ ní kókó. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣe ń ṣe é láyé ọjọ́un nìyẹn, kí eṣinṣin má baà bà lé e. Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá Àgbà fi ṣe é. Ní báyìí tí iyè rẹ̀ ti ra, ó ti gbàgbé pé òun ti fẹ̀yìn tì, ó sì ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi iṣẹ́.

Bàbá ti kìlọ̀: "Bí Màmá bá tún rìn jáde báyìí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló kàn o!"

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá Jẹ́jẹ́ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ara ọmọ náà ti kú, bí ẹsẹ̀ tí a jókòó lé pẹ́ jù. Ó ń jẹun, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá wọn rín in. Kò tíì sunkún. Ọwọ́ tí Màmá Àgbà máa ń gbé lé e lẹ́yìn bí wọ́n bá dùbúlẹ̀ nìkan ló ṣì ń mọ̀ lára.

Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ náà dànù, ó wọ́n ìyẹ̀fun tuntun síbẹ̀.

"Ṣé o rí nǹkan?" ni oníròyìn bi í nígbà tó dé.

"Rárá, sà."

"Ẹsẹ̀ kankan ńkọ́?"

"Kò sí." Ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣẹ́.

"Yéè! A jẹ́ pé òótọ́ ni!"

Kó tó di ọ̀sán, rédíò ti gbé e. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá tó ni ilé ní kí káfíńtà wá fi pákó kan ilẹ̀kùn yàrá wàrà pa. Yàrá náà ò ní fèrèsé. Káfíńtà ò yọjú wo inú. Ta ló fẹ́ fojú kan iwin? Màmá Àgbà sì wà lẹ́yìn àwọn agolo, etí rẹ̀ ti wúwo. Ìṣó tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ìró dún láti inú: gbà, gbà, gbà! Káfíńtà ju òòlù sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ti ṣíwájú rẹ̀ dé títì. Bàbá gbọ́ ìròyìn náà ní géètì. Òun náà ò débẹ̀.

Aago mẹ́ta ni Jẹ́jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Káfíńtà ṣì ń ròyìn fún àwọn èèyàn: "Ó ń kanlẹ̀kùn! Lọ́sàn-án gangan!"

Jẹ́jẹ́ sáré wọlé. Ibùsùn ṣófo. Ó sáré padà sí géètì.

"Dádì, Màmá Àgbà ló wà níbẹ̀. Òun ni iwin yẹn. Mo rí ẹsẹ̀ ẹ̀, mo gbá a dànù."

Bàbá wò ó. Kò pariwo. Ó wá irin, ó já pákó náà. Màmá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ wà létí èékánná.

Nílé ìwòsàn, wọ́n di ọwọ́ méjèèjì fún un. Dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ lóun nìkan mọ́, ilé ìtọ́jú ló yẹ ẹ́.

"Inú ló ń bí mi lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ yẹn," ni Bàbá wí. "Ká ní o sọ fún mi ni, à bá jọ wá nǹkan ṣe sí i."

Jẹ́jẹ́ rò pé òun ń bo Màmá Àgbà láṣìírí ni. Irọ́ kan péré ló pa, òun ló sì jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ arúgbó tó ń kanlẹ̀kùn fún ìrànlọ́wọ́, kí wọ́n sì sá fún un. Ìwọ tó ń kà á, bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ nítorí ẹni tí o fẹ́ràn, sọ òótọ́ fún àgbà kan tó lè ràn yín lọ́wọ́, kódà bí o ò bá mọ ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ.

Màmá Àgbà la ojú. "Ọmọ mi, mo kanlẹ̀kùn títí. Ṣé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ni?"

"Wọ́n gbọ́, Màmá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Gbogbo wọn ló gbọ́." Ó sì bú sẹ́kún.